Láti igbá Kano dé gíláàsì tó ń yí àwọ̀ padà: Ìtàn akoto àti ojú ọlọ́kadà

Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2009 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Nàìjíríà, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí ọ̀kadà, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń wà á tàbí ẹni tó jókòó sẹ́yìn, gbọ́dọ̀ dé akoto.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìròyìn fi gba ìgboro. Ní Kano, wọ́n rí ọlọ́kadà tó dé igbá gbígbẹ, tó fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n bí ẹni tó ń lọ sójú ogun. Wọ́n rí ẹni tó da ike ọ̀dà délẹ̀ sórí. Wọ́n rí ẹni tó gé rọ́bà táyà ṣe fìlà. Àwòrán wọn káàkiri ayé, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ. Owó akoto gidi ga lójú ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́, ó sì ní láti ra méjì: ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún èrò. Àwọn èrò náà ní tiwọn. Àwọn kan ń bẹ̀rù kí àwọn má kó àrùn awọ orí lára ẹni tó dé e ṣáájú. Àwọn mìíràn gbà pé ọlọ́kadà lè ti fi oògùn sínú rẹ̀, kí èrò má mọ ibi tó wà mọ́, kí wọ́n sì jà á lólè.

Igbá kò ní gíláàsì lójú. Nínú gbogbo àríyànjiyàn ọdún náà, orí nìkan ni wọ́n ń sọ, ojú kò sí nínú ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú ni ọlọ́kadà fi ń ṣiṣẹ́. Oòrùn ọ̀sán, eruku ọyẹ́, kòkòrò alẹ́ àti iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, ojú ni gbogbo wọn ń dojú kọ. Ìtàn gíláàsì tó wà níwájú akoto, pàápàá èyí tó ń dúdú fúnra rẹ̀ nínú oòrùn tó sì ń mọ́ padà nínú òjìji, ni ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe gbìyànjú láti yanjú ìṣòro náà. Ó tún ṣàlàyé ìdí tí ojútùú náà kò fi tíì dé ọ̀dọ̀ púpọ̀ nínú àwọn tó nílò rẹ̀ jù.

Ikú kan ní Dorset

Nínú Bíbélì Yorùbá, àṣíborí ni wọ́n pe ohun tí ọmọ ogun ń dé sórí. Ohun ogun ni fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Bó ṣe di ohun ọlọ́kadà ní í ṣe pẹ̀lú ikú ọmọ ogun kan.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, T. E. Lawrence, ọ̀gágun ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà tí àwọn Lárúbáwá dìde sí ìjọba Turkey, ń gun alùpùpù Brough Superior rẹ̀ ní Dorset, ní England. Ó fẹ́ yà fún àwọn ọmọkùnrin méjì tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ló bá fò kúrò lórí alùpùpù. Kò dé ohunkóhun sórí. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ló kú, lẹ́ni ọdún 46.

Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí wọ́n pè sí i ni Hugh Cairns, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tí wọ́n bí ní Australia. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀, ó ń kó àkọsílẹ̀ àwọn tó fara pa lórí alùpùpù jọ. Ní 1941, ó kọ ọ́ sínú British Medical Journal pé láàrin oṣù 21 àkọ́kọ́ nínú ogun náà, ènìyàn 2,279 ló kú lórí alùpùpù ní Britain, àti awakọ̀ àti èrò ẹ̀yìn, àti pé orí fífọ́ ló pa púpọ̀ jùlọ nínú wọn. Ọdún náà gan-an ni iléeṣẹ́ ológun Britain sọ akoto di dandan fún àwọn ọmọ ogun tó ń gun alùpùpù. Fún àwọn ará ìlú, ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1973.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí wọn kì í sábà tẹnu mọ́, ìyẹn òkùnkùn. Nítorí ọkọ̀ òfurufú Jámánì tó ń ju bọ́ǹbù, ìjọba Britain ti ní kí wọ́n pa gbogbo iná ìgboro, kí wọ́n sì bo iná ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bíńtín ló ń yọ. Àwọn tí Cairns ń kà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà lójú ọ̀nà tí ojú kò ti ríran dáadáa. Akoto lè dáàbò bo orí nígbà tí ènìyàn bá ti ṣubú. Rírí kòtò kí ènìyàn tó já sínú rẹ̀, iṣẹ́ ojú nìyẹn.

Kí ló dé tí igbá kò fi tó?

Igbá le, ike ọ̀dà náà le díẹ̀. Ṣùgbọ́n líle nìkan kọ́ ni akoto fi ń ṣiṣẹ́. Ní 1953, Charles Lombard, olùwádìí ní yunifásítì kan ní California, gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí akoto tó ní ìpele méjì: èèpo líle lóde, àti fóòmù nínú tó máa ń rún nígbà tí orí bá gbá nǹkan. Rírún tó ń rún yẹn ló ń gba agbára ìkọlù náà dípò ọpọlọ. Òun náà ló fà á tí wọ́n fi ní kí akoto tó bá ti gbá ilẹ̀ rí nínú ìjàmbá má padà sí orí ẹnikẹ́ni, bí òde rẹ̀ bá tilẹ̀ ń dán.

Àwọn olùwádìí tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ fún àjọ Cochrane ní 2008 sọ pé akoto ń dín ewu ikú kù ní bíi ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní bíi ìdá 69. Igbá kò sí nínú ìṣirò wọn.

Bí gíláàsì ṣe dé iwájú akoto

Àwọn akoto àkọ́kọ́ kò bo ojú. Awò ńlá olókùn rọ́bà ni àwọn ológun àti àwọn eléré ìdíje ń so mọ́ ojú. Nǹkan bíi 1968 ni iléeṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà gbé akoto Bell Star jáde, èyí tó bo orí àti àgbọ̀n pátá, tó fi ojú fèrèsé kan ṣoṣo sílẹ̀ níwájú. Fèrèsé yẹn ní láti ní ohun tí yóò dí i.

Gíláàsì gidi kò ṣeé lò, nítorí pé bó bá fọ́, inú ojú ló ń lọ. Ike kan ló gba ipò náà. Polycarbonate ni wọ́n ń pè é, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì láti ìbí. Ní 1953, Hermann Schnell tó ń ṣiṣẹ́ fún Bayer ní Jámánì ṣe é, Daniel Fox tó ń ṣiṣẹ́ fún General Electric ní Amẹ́ríkà náà sì ṣe é láìmọ ara wọn, ọ̀sẹ̀ kan péré ló wà láàrin wọn. Ike yìí mọ́ kedere bíi gíláàsì, ṣùgbọ́n òòlù kò tètè fọ́ ọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó tètè ń ha. Ẹ wo gíláàsì akoto èyíkéyìí tó ti lo ọdún kan nínú eruku, ẹ ó rí i pé ó ti kún fún ìlà wẹ́wẹ́. Lọ́sàn-án, ìlà náà kò dí ni lọ́wọ́. Bí iná ọkọ̀ bá tàn sí i lálẹ́, ṣe ni gbogbo rẹ̀ á mú kí iwájú funfun bíi aṣọ.

Nígbà tí fèrèsé ti wà, ọ̀rọ̀ oòrùn dé. Wọ́n pa gíláàsì láró dúdú fún ọ̀sán. Ṣùgbọ́n gíláàsì dúdú kò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú. Ẹni tó jáde lọ́sàn-án tó fẹ́ padà lálẹ́ ní láti gbé gíláàsì méjì dání, kó dúró lẹ́bàá ọ̀nà kó yọ ọ̀kan kó fi èkejì sí i. Òfin àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí akoto, tó ti wà láti 1972 tí wọ́n sì ń tún ṣe látìgbàdégbà, wá ní nínú àtúnṣe rẹ̀ tó lò fún ọ̀pọ̀ ọdún pé gíláàsì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ kọjá. Èyí tó bá wà láàrin 50 sí 80, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí i lára pé fún ọ̀sán nìkan ni.

Fàdákà nínú gíláàsì

Ojútùú wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí, láti iléeṣẹ́ tó ń ṣe gíláàsì ní ìlú Corning, ní ìpínlẹ̀ New York. Stanley Donald Stookey ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ibẹ̀. Ọkùnrin yìí ti bá oríire pàdé rí. Ní 1953, ó gbé gíláàsì kan sínú iná ìléru tó yẹ kó wà ní 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ̀rọ sì ṣìṣe, ó gbóná dé 900. Nígbà tó yọ ọ́, gíláàsì náà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fọ́. Láti ara ìyẹn ni àwọn abọ́ CorningWare ti wá, irú èyí tí ènìyàn lè gbé láti inú yìnyín sórí iná.

Lẹ́yìn náà ni òun àti William Armistead ṣe gíláàsì tí wọ́n po èròjà fàdákà mọ́, pẹ̀lú bàbà díẹ̀. Ní 1964 ni wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Irú èròjà fàdákà yìí náà ló wà lára fíìmù àwọn ayàwòrán àtijọ́, àwọn tó ń fọ fótò nínú yàrá òkùnkùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan fíìmù, ó dúdú, kò sì padà mọ́. Nínú gíláàsì Corning, ó dúdú bí ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí bá kàn án, ṣùgbọ́n nítorí pé gíláàsì ti há fàdákà náà mọ́ ojú kan, kò rí ibi sá lọ. Bí oòrùn bá kúrò, ó padà sí bó ṣe wà, gíláàsì náà á sì mọ́. Photochromic ni àwọn onímọ̀ pè é.

Awò ojú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Akoto ní láti dúró, nítorí ike ni gíláàsì akoto, fàdákà Corning kò sì ṣeé pò mọ́ ike. Ní 1991 ni iléeṣẹ́ Transitions ní Amẹ́ríkà gbé awò oníke tó ń yí àwọ̀ padà jáde, èyí tó rọrùn láti tà káàkiri. Èròjà inú tirẹ̀ kì í ṣe fàdákà mọ́. Ó dà bí agboòrùn kéékèèké: nínú oòrùn wọ́n á ṣí, wọ́n á dí ìmọ́lẹ̀, nínú òjìji wọ́n á pa dé. Polycarbonate sì há jù fún irú agboòrùn bẹ́ẹ̀, kò fi àyè sílẹ̀ fún wọn láti ṣí. Nítorí náà, orí ike ni wọ́n ń fi èròjà náà pa tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bíi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó di àárín ọdún 2010 sí 2015 kí irú gíláàsì yìí tó dé orí akoto tí ènìyàn lè rà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ kan tó pa ọ̀pọ̀ lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tó bá wọ awò tó ń yí àwọ̀ padà sínú akoto tó ní gíláàsì lásán kò ní rí i kó dúdú. Ìtànṣán tó yẹ kó mú un dúdú, gíláàsì akoto ti dá a dúró kó tó dé ibẹ̀.

Ooru tiwa ńkọ́?

Ìwé tí wọ́n fi ń polówó gíláàsì yìí kì í sábà sọ ọ̀rọ̀ ooru. Bẹ́ẹ̀, ooru ni ó ń ti agboòrùn kéékèèké wọ̀nyẹn pa dé. Níbi tó tutù, gíláàsì náà máa ń dúdú gidi, ó sì máa ń pẹ́ kó tó mọ́. Níbi tó gbóná, kì í dúdú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tètè ń mọ́ padà. Ní Kano, Maiduguri, Niamey tàbí Ouagadougou, níbi tí oòrùn oṣù kẹrin máa ń mú kí ojú ọjọ́ tó 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ohun tí ẹlòmíràn rà ní dúdú bí èédú nínú òtútù lè má ju eérú lọ.

A lè rò pé àbùkù nìyẹn, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni ewu wà jù. Ní apá Yúróòpù, oòrùn máa ń wọ̀ díẹ̀díẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ìmọ́lẹ̀ á sì máa fà pẹ́. Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, láti ìgbà tí oòrùn bá rì sí ìgbà tí ojú kò ní rí ọ̀nà dáadáa mọ́, kò ju ìṣẹ́jú 20 sí 25 lọ. Gíláàsì tó ń yí àwọ̀ padà kì í gba ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó dúdú, ṣùgbọ́n ó máa ń gba ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kó tó mọ́. Níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú kíákíá tó bẹ́ẹ̀, gíláàsì tó tètè ń mọ́ nínú ooru sàn fún ọlọ́kadà ju gíláàsì dúdú tí kì í mọ́ láéláé.

Ọyẹ́ tún ní tirẹ̀. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti ilẹ̀ Bodélé ní Chad, máa ń bo ojú ọ̀run. Eruku yìí ń dí nínú ìtànṣán tó ń mú gíláàsì dúdú, síbẹ̀ ojú ọ̀run funfun náà ń bu sí ojú. Àwọn dókítà ojú ní Nàìjíríà ti kọ nípa ẹran ara kékeré tó máa ń hù láti igun ojú àwọn ọlọ́kadà bọ́ sí orí ẹyinjú, èyí tí oòrùn, afẹ́fẹ́ àti eruku ń fà. Fún ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́wàá lójú ọ̀nà lójúmọ́, gíláàsì iwájú akoto kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ọ̀kadà, achaba, zémidjan

Iṣẹ́ yìí kò pẹ́ púpọ̀. Ìgbà tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀, tí ìjọba sì mú ètò SAP wá ní 1986, ni ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ gidi, nítorí mọ́tò wọ́n, iṣẹ́ sì wọ́n. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air, tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ Edo sọ. Àpárá ni: ohun tó ń sáré gba àárín ọkọ̀ tó dúró sójú kan, bíi ọkọ̀ òfurufú ni. Àpárá náà re àjò. Títí dé Ghana àti Sierra Leone, ọ̀kadà ni wọ́n ń pè é. Ní àríwá Nàìjíríà, achaba ni. Ní Cotonou, zémidjan ni, ìyẹn ni pé "tètè gbé mi" ní èdè Fon.

Ìjọba kò tíì mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Ghana fòfin de kíkó èrò lórí ọ̀kadà ní 2012, iṣẹ́ náà sì ń lọ lójú wọn. Borno fòfin de alùpùpù ní Maiduguri ní 2011, nítorí àwọn apààyàn Boko Haram tó ń gùn ún wá ṣọṣẹ́. Ní ọjọ́ 19, oṣù kìíní, ọdún 2013, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ Ẹ́míà Kano, Ado Bayero. Orí yọ ọba, ṣùgbọ́n àwọn kan kú nínú àwọn tó tẹ̀lé e. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, Kano ní kí achaba má gbé èrò mọ́. Ìlú tó rẹ́rìn-ín igbá ní 2009 kò ní achaba tí èrò yóò gùn mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.

Ta ló fẹ́ kí wọ́n má rí ojú òun?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan gíláàsì dúdú nìyí. Nàìjíríà ti pẹ́ tó ti ń fura sí i. Ní 1991, ìjọba ológun ṣe òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi gíláàsì tó pa ènìyàn inú ọkọ̀ mọ́ sí ọkọ̀, ìbáà dúdú díẹ̀ tàbí púpọ̀, àyàfi tó bá gba àṣẹ nítorí àìlera tàbí ààbò. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin náà ṣì wà, ó sì ṣì ń dá ìjà sílẹ̀. Ní 2025, ọlọ́pàá ní kí gbogbo ẹni tó ní gíláàsì dúdú lọ gba ìwé àṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò sì gbé wọn lọ ilé ẹjọ́.

Ọkọ̀ ni òfin yẹn sọ, kò sọ akoto. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ka ìwé òfin. Níbi tí wọ́n ti ń jí ènìyàn gbé, tí apààyàn sì ń wá lórí alùpùpù, ọlọ́kadà tó fi gíláàsì dúdú bo ojú kò lè retí kí wọ́n jẹ́ kó kọjá láìbi í léèrè. Ohun tó ń dáàbò bo ojú rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn ló ń sọ ọ́ di ẹni ìfura. Gíláàsì tó ń yí àwọ̀ padà kò yọ ọ́ nínú èyí, nítorí ọ̀sán tí ẹ̀ṣọ́ wà lójú ọ̀nà jù gan-an ni tirẹ̀ máa ń dúdú.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Gíláàsì kan ṣoṣo nínú irú èyí wọ́n ju odidi akoto tí púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́kadà ń dé lọ. Agboòrùn kéékèèké inú rẹ̀ náà máa ń rẹ̀: lẹ́yìn ọdún díẹ̀ nínú oòrùn, wọn kì í ṣí dáadáa mọ́.

Nítorí náà, ohun tí ènìyàn ń rí lójú pópó láti Abuja dé Cotonou ni ọgbọ́n tí olúkúlùkù dá. Àwọn kan wọ awò oòrùn tí wọ́n rà lọ́wọ́ ọmọ tó ń tajà láàrin gosilóò. Àwọn kan fa fìlà olétí síwájú lábẹ́ akoto. Àwọn kan ra akoto tó ní gíláàsì dúdú, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí létí ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé fún ọ̀sán nìkan ni. Bí wọ́n bá pe ìrun Màgírúbù tí iná ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ẹni tó dé irú akoto bẹ́ẹ̀ á ti gíláàsì náà sókè. Afẹ́fẹ́, eruku àti kòkòrò á wá máa fẹ́ sí i lójú tààrà títí tó fi dé ilé.